ÒǸWÒRAN LÁSÁN GẸ́GẸ́ BÍ LÁMÈYÍTỌ́: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌDÁJỌ́ LÓRÍ FÍÌMÙ YORÙBÁ NÍ ÌKÌRUN, ÌNÍSÀ ÀTI ÒKUKÙ

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti fojú ba ìran kì í pẹ́ di oníròyìn. Bí fíìmù bá parí, tí èrò bá ń tú jáde, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá lọ sílé. Ẹnìkan yóò ní eré náà dùn. Ẹlòmíràn yóò ní irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnìkẹta yóò ní kí gbogbo ọmọ ilé òun lọ wò ó nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ nínú ohun gbogbo tí à ń sọ nípa fíìmù Yorùbá, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà sí. Lójú wọn, òǹwòran lásán kò ní ju ẹ̀rín tàbí ẹkún lọ. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ di ti ẹni tí ó kàwé nìkan.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀ sí èyí. Ó dá a lábàá pé ìdájọ́ òǹwòran lásán ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, pé òṣùwọ̀n náà ti wà kí fíìmù tó dé, àti pé inú oríkì, ìtàn àti ẹjọ́ dídá ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ó sì tún gbìyànjú láti fi hàn pé òṣùwọ̀n kan náà yìí ní ibi tí ó ti ń ṣini lọ́nà, àti pé àṣìṣe rẹ̀ lè ṣe ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ní ìpalára. Ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ni ó fi ṣe ibùdó. Kì í ṣe iye ènìyàn ni iṣẹ́ náà ń kà. Irú ìdájọ́ tí ó wọ́pọ̀ láàrin òǹwòran Yorùbá, àti ohun tí ìtàn pẹ̀lú àṣà ìlú mẹ́ta yìí lè fi kún un, ni ó jẹ ẹ́ lógún.

2. Ìlú mẹ́ta náà àti bí ìran ṣe ń dé ibẹ̀

Ojú ọ̀nà kan náà, láti Òṣogbo sí Ọ̀fà, ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ìkìrun, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, ni ó kọ́kọ́ kan ni. Ìnísà tẹ̀ lé e, Òkukù sì ni ó kẹ́yìn. Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ni Ìnísà àti Òkukù wà, Òkukù sì ni olú-ìlú rẹ̀. Títí di ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn wà.

Ìtàn so wọ́n pọ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, ni wọ́n ja ogun Jálumi ní àyíká Ìkìrun. Níbẹ̀ ni ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú, ti borí àwọn ọmọ ogun tí Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá kó jọ. Ìkìrun náà ni àwọn ará Òkukù sá wá nígbà ogun, ìgbà tí ogun sì parí ní ọdún 1893 ni wọ́n tó padà sí ilé baba wọn. Ogun, ìsádi, balógun àti ajẹlẹ̀ kì í ṣe àlọ́ lásán ní agbègbè yìí. Ọ̀rọ̀ agbo ilé ni.

Òṣogbo kò jìnnà sí wọn, Òṣogbo sì jẹ́ ilé eré. Ibẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ sí ní ọdún 1962. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí fi ṣe ibùjókòó, tí wọ́n sì ń gbé eré wọn kiri ìlú ńlá àti ìlú kékeré. Nígbà tí fíìmù Yorùbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, ipa ọ̀nà tí àwọn eléré alárìnká ti là ni ó tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú Ìjà Òmìnira, tí Adé Afọláyan gbé jáde láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin; bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú Ayé, fíìmù Hubert Ògúndé ti ọdún 1979, àti Jáíyésinmi tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1981. Ẹni tí ó ṣe fíìmù náà ni ó ń gbé e kiri. Gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ilé ìtura ni wọ́n ń háyà. Èrò a san owó ìwọlé, wọ́n a jókòó ti ara wọn, wọ́n a sì máa dá fíìmù lóhùn bí ẹni ń dá òṣèré lóhùn lórí ìtàgé.

Ìrìn fíìmù ti yí padà láti ìgbà náà. Láti ìparí ọdún 1980 wọ ọdún 1990 ni fídíò ti gba ipò gbọ̀ngàn. Ní ọdún 2010 ni ìkànnì tẹlifíṣàn Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀. Ní òde òní, Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí (2022) àti Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde (2023) wọ inú yàrá ènìyàn láti orí Netflix, ẹlòmíràn sì ń wo fíìmù lórí tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn ti tú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò tú. Ó kàn kúrò ní gbọ̀ngàn bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ìsọ̀ aránṣọ àti inú ọkọ̀ èrò ni.

3. Ta ni òǹwòran lásán?

Ọ̀rọ̀ náà, 'lásán', gba àlàyé. Kò túmọ̀ sí òpè. Òǹwòran lásán ni ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ lámèyítọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ àríwísí lé lọ́wọ́, tí ó sì ń sọ èrò rẹ̀ nítorí pé ó wo eré. Ó lè jẹ́ àgbẹ̀, oníṣòwò, tíṣà, awakọ̀ tàbí ìyá arúgbó. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí lámèyítọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni pé kò níláti fi ẹsẹ̀ èrò rẹ̀ múlẹ̀ lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, àlàyé inú rẹ̀ sì fara sin. Níbi tí ó bá ti sọ pé 'ó dùn', ó ti parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ ni láti wádìí ohun tí ó wà lábẹ́ gbólóhùn kúkúrú náà.

4. Òṣùwọ̀n mẹ́ta

(a) 'Ó dùn'

Ìdájọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí, òun sì ni onímọ̀ fojú kéré jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà, dùn, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọbẹ̀ ń dùn, ìlù ń dùn, ohùn ń dùn, ìtàn ń dùn. Bákan náà, egbò ń dunni, ọ̀rọ̀ burúkú ń dunni, ikú ọmọ ń dun òbí. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n wọ ara ẹni débi tí ẹni náà fi mọ̀ ọ́n lára. Òǹwòran tí ó fi omijé jáde, tí ó sì ní eré náà dùn, kò tako ara rẹ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé eré náà dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Táì ńlá tí ó ju ọrùn lọ àti aago tábìlì tí ó ń gbé kọ́ra ti ń pa èrò lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Síbẹ̀, nínú Ọ̀run Móoru (1982), ọ̀rọ̀ oníṣòwò tí ó fẹ́ kí owó ti inú oògùn jáde, tí àwọn gbájú-ẹ̀ sì tán an ní owó, ni ẹ̀rín náà gùn bí ẹṣin. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń sọ ẹnìkan di olówó òjijì, tí ó sì ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀ bí ó ti wà, ni fíìmù náà jáde. Karin Barber ti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1982 pé ọ̀rọ̀ owó òjijì yìí gba àwọn eléré Yorùbá lọ́kàn gidigidi. Òǹwòran tí ó rẹ́rìn-ín títí, tí ó ní 'ó dùn', ti gba ìyẹn náà sínú. Ẹ̀rín àti ìrora wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

(b) 'Ó jọ òótọ́'

Òṣùwọ̀n kejì ni òtítọ́. Ó ṣe pàtàkì láti kíyè sí ohun tí òǹwòran ń béèrè òtítọ́ lórí rẹ̀ àti ohun tí kì í béèrè òtítọ́ lórí rẹ̀. Nínú Aníkúlápó, ẹyẹ Àkàlà jí Ṣàró dìde kúrò nínú ikú, agbára àjídìde sì bọ́ sí Ṣàró lọ́wọ́. Òǹwòran Yorùbá kì í sáábà bá fíìmù jà lórí ìyẹn, nítorí pé ẹyẹ tí ó mọ ohun tí ènìyàn kò mọ̀ ti wà nínú àlọ́ àti ẹsẹ Ifá. Ibi tí ìjà wà ni bí àlejò, ahunṣọ òfì lásán, ṣe lè ráyè bá Arọ́lákẹ́, ìyàwó Aláàfin, lò pọ̀ láàrin ààfin tí olórí àti ìránṣẹ́ kún. Ẹyẹ lè jí òkú. Ṣùgbọ́n ojú tó ń ṣọ́ ààfin kò gbọdọ̀ fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé 'òótọ́' lẹ́nu òǹwòran kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí, bí kò ṣe ohun tí ó yẹ: ohun tí ó bá ìwà ẹ̀dá, ipò àti ètò ìlú mu. Ó lè gba ìyanu láàyè, kò sì ní gba àṣìṣe àṣà láàyè. Nítorí náà ni ó fi ń ṣọ́ ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìkíni, aṣọ àti èdè. Bí ọmọdé inú fíìmù bá pe àgbà ní 'o' dípò 'ẹ', òǹwòran á kígbe. Bí balógun ayé àtijọ́ bá ń sọ èdè ìgboro Èkó, eré náà ti bàjẹ́ lójú rẹ̀.

Ní Ìkìrun, òṣùwọ̀n yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Jagun Jagun ń sọ ìtàn Ògúndìjì, jagunjagun tí agbára rẹ̀ ti borí ti ọba, tí ìlú àti ìlú sì ń gbọ̀n fún. Ìlú tí a ti ja ogun Jálumi, tí ìlú mìíràn sì ti sá wọ̀, kì í ṣe ìlú tí ó ń wo irú jagunjagun bẹ́ẹ̀ bí ẹni wo ẹranko ìgbẹ́. Ẹni tí ìtàn ilé rẹ̀ ti sọ fún un bí ènìyàn ṣe ń gbé ẹrù sórí sá kúrò ní oko lè bi fíìmù náà ní ìbéèrè tí lámèyítọ́ ilé ẹ̀kọ́ kò rántí: ta ni ó ń bọ́ ọmọ ogun púpọ̀ tó báyìí, oko ta sì ni wọ́n ń kórè?

(d) 'Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀'

Òṣùwọ̀n kẹta yìí ni àwọn òǹwòran gbé ga jù. Eré tí kò ní ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí ó dùn tó, ìranù ni lójú wọn. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù láàrin ọdún 1974 sí 1977 nítorí ìwádìí lórí oríkì, tí ó sì bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí rìn lẹ́yìn náà, sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé rẹ̀, The Generation of Plays (2000). Ó ṣàkíyèsí pé òǹwòran kì í jókòó de ẹ̀kọ́ bí ẹni tí ó ń dúró de oúnjẹ ọ̀fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá a, tí ó ń ṣà á, tí ó sì ń gbé e lé ìgbésí ayé ara rẹ̀. Eré kan náà lè kọ́ ọkọ ní sùúrù, kí ó kọ́ ìyàwó ní ìfura, kí ó sì kọ́ ọmọ ní ìgbọràn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni láti rò pé òǹwòran tí ń béèrè ẹ̀kọ́ ń fẹ́ ìwàásù. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí eré náà ṣeé lò. Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999 láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó kọ ọ́, fi hàn bẹ́ẹ̀. Lápitẹ́, ọba Jogbo, yẹra fún ìbúra tí yóò so òun àti ìlú pọ̀, nítorí pé ọrọ̀ ni ó bá débẹ̀. Ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́ ni ẹlẹ́rìí ìbúra náà. Gbogbo Nàìjíríà ni ó rí àwọn ológun àti àwọn olóṣèlú nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n Òkukù ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè gbà á. Ìlú adé ìlẹ̀kẹ̀ ni Òkukù. Ní ọdún 1982 ni Ulli Beier tẹ odidi ìwé jáde lórí adé Ọlọ́kukù. Níbẹ̀, adé, ìlù àti oríkì ọba ṣì jẹ́ ohun tí ojú ń rí, tí etí sì ń gbọ́ ní ọjọ́ ọdún. Ẹ̀kọ́ Ṣaworoidẹ kò dúró lórí Abùjá nìkan fún irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Ó kan ọba àti ìlú rẹ̀, ìdílé àti ìdílé, ẹni tí ó jẹ oyè àti àwọn tí ó fi í jẹ.

5. Kí ló dé tí òǹwòran ń dá fíìmù sí wẹ́wẹ́?

Ẹ̀sùn kan wà tí lámèyítọ́ máa ń fi kan òǹwòran lásán: pé kò rí odidi. Bí ó bá ti gbọ̀ngàn dé, ìran kan ni yóò máa tún sọ, tàbí òwe kan, tàbí bí òṣèré kan ṣe fi ojú sọ̀rọ̀. Àhunpọ̀ ìtàn kò jọ ọ́ lójú. Wọ́n ní èyí ni ó fi hàn pé kò lóye iṣẹ́ ọnà.

Ẹ̀sùn yìí kò dúró bí a bá wo ibi tí etí òǹwòran náà ti kọ́ iṣẹ́. Ní Òkukù, gẹ́gẹ́ bí Barber ti ṣàlàyé nínú I Could Speak Until Tomorrow (1991), oríkì kì í tẹ̀ léra bí ìtàn. Ìlà kan lè jẹ́ ti baba ńlá kan, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìtàn tí ó bí ìlà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Olùgbọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò mú ìtàn náà wá. Ẹni tí a ń kì kò ní dúró kí oríkì parí kí ó tó mọ̀ ọ́n lára; ìlà kan lè mú orí rẹ̀ wú.

Ẹni tí ó dàgbà sínú irú ìgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ nù nígbà tí ó wọ ilé sinimá. Ó ń ṣa ìran bí ẹni ṣa ìlà oríkì. Ìran tí ó mú ni ìran tí ó ní ìtàn lẹ́yìn, yálà ìtàn inú fíìmù tàbí ìtàn inú ilé tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá wo fíìmù kan, tí ìran tí ọ̀kan mú kò sì jọ ti èkejì, kì í ṣe pé ọ̀kan kò gbọ́n. Ìtàn tí wọ́n mú wọlé ni ó yàtọ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ níhìn-ín ni láti béèrè pé, 'Kí ni ó wà lẹ́yìn ìran tí ẹ mú yìí?' Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni àríwísí gan-an.

6. Ibi tí òṣùwọ̀n náà ti kùnà

Bí àpilẹ̀kọ yìí bá dúró síbi ìyìn, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí. Òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ewu, ewu náà sì hàn jù lọ nínú fíìmù méjì tí ó jẹ́ pé obìnrin ni ẹrù ẹ̀bi wà lórí rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Ayé. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Òṣétúrá, oníṣègùn tí ó dojú ìjà kọ àwọn àjẹ́. Lórí ìtàgé, òǹwòran mọ̀ pé òṣèré ni ó ń yọ tí ó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè mú ènìyàn pòórá lójijì, ó sì lè mú un yọ níbòmíràn láìsí aṣọ ìkélé. Níbí ni òwe tí ó ṣáájú iṣẹ́ yìí ti di pàkúté. Bí ìròyìn kò bá tó àfojúbà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú bá rí ohun tí ọgbọ́n ẹ̀rọ ṣe? Ohun tí ènìyàn ń gbọ́ nípa àjẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó lè ní òun ti fojú rí. 'Ó jọ òótọ́' di 'òótọ́ ni'. Ìyípadà kékeré ni nínú gbólóhùn, kì í sì í ṣe kékeré lára arúgbó obìnrin tí kò lọ́kọ mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, tí ó sì ń dá gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ agbo ilé. Òun kò sí nínú fíìmù, òun kò sì sí ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ìdájọ́ lè dé bá a nílé.

Èkejì ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá yìí jáde ní ìwé ní ọdún 1970. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e lọ sórí ìtàgé, Bánkọ́lé Bello sì darí fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980. Nínú eré náà, Ìyálóde Ìbàdàn jẹ́ òṣìkà tí ó ń pa ẹrú, Ààrẹ Látóòsà ni ó sì wá gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí òǹwòran ń ṣà níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìkà kò pé, agbára obìnrin tí kò ní ìwọ̀n a máa ba ìlú jẹ́.

Ìtàn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, sọ pé Látóòsà kà sí Ẹfúnṣetán lọ́rùn nígbà tí ó rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1874: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun padà dé. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí tí ó jẹ́ ẹ̀sùn ìwà ìkà sí ẹrú. Bọ́láńlé Awẹ́ àti àwọn onímọ̀ ìtàn mìíràn ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìṣubú Ìyálóde náà: oníṣòwò ńlá ni, ó ń wín àwọn ológun ní ohun ìjà, kò sì fọwọ́ sí ogun tí kò dáwọ́ dúró mọ́. Ní òru, nínú ilé rẹ̀, ni wọ́n pa á.

Kì í ṣe pé òǹkọ̀wé eré gbọdọ̀ jẹ́ akọ̀wé ìtàn. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ẹnìkan ni ó ṣètò ẹ̀kọ́ tí òun ń ṣà. Ó ń ṣa èso, kò bi igi léèrè. Bí ohun gbogbo nínú fíìmù bá ti tò lẹ́sẹẹsẹ láti dá obìnrin kan lẹ́bi, òǹwòran tí ń wá ẹ̀kọ́ yóò gbé ẹ̀bi náà lọ sílé, yóò sì pè é ní ọgbọ́n.

7. Ìdájọ́ bí ẹjọ́: irinṣẹ́ tí ó wà nílé

Ojútùú tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn onímọ̀ ni pé kí a kọ́ òǹwòran ní ìlànà lámèyítọ́ tí a kó wọlé láti òkè òkun. Iṣẹ́ yìí kò tako ìlànà òkè òkun, ṣùgbọ́n kò rí ìdí tí a ó fi yá aṣọ nígbà tí tiwa wà nínú àpótí. Yorùbá ní ìlànà ìdájọ́ tí ó mọ ewu tí a ń sọ yìí dáadáa: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Agbègbè Òṣogbo sì ti fi ìlànà yìí ṣe eré. Nínú Kóòtù Aṣípa, eré tẹlifíṣàn tí Oyin Adéjọbí gbé jáde, òun náà ni ó jókòó bí adájọ́. Olùpẹ̀jọ́ a rojọ́, olùjẹ́jọ́ a rojọ́, ẹlẹ́rìí a sọ tẹnu rẹ̀, ìdájọ́ a sì tẹ̀ lé e. Òǹwòran tí ó ń wo irú eré yìí kì í jókòó lásán. Ó ń dá ẹjọ́ ṣáájú adájọ́. Nígbà tí ẹnìkejì bá sì rojọ́ tirẹ̀, ó níláti yí ọkàn padà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyẹn, ju ẹ̀kọ́ tí adájọ́ sọ lẹ́nu lọ.

Bí a bá gbé ìlànà yìí lé fíìmù, ìbéèrè mẹ́rin ni ó jáde, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá arúgbó ní Ìnísà kò lè bèèrè. Ta ni ó ń rojọ́ nínú eré yìí? Ta ni a kò jẹ́ kí ó rojọ́ tán? Ta ni ẹlẹ́rìí, kí sì ni ó ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà? Ẹjọ́ ta ni fíìmù fi dípò ìdájọ́?

Nínú Ayé, Òṣétúrá ni olùpẹ̀jọ́, òun kan náà ni ẹlẹ́rìí, agbára rẹ̀ sì ni ó ń dá ẹjọ́. Ìyẹn tó láti mú kí òǹwòran ronú lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbé orúkọ àjẹ́ wọ inú agbo ilé. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu Látóòsà pẹ̀lú ìfura. Níhìn-ín ni òǹwòran Ìkìrun ti ní ohun tí òǹwòran ìlú mìíràn lè má ní. Látóòsà yìí kan náà ni ó wà lórí oyè Ààrẹ Ìbàdàn nígbà tí ogun Jálumi jà. Ìlú tí ó ti gbé lábẹ́ ajẹlẹ̀ Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀ nípa ohun tí agbára àwọn ológun náà jẹ́. Bí ó bá mú ìtàn ilé rẹ̀ wọlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe pẹ̀lú oríkì, kò ní rọrùn fún un láti gbà pé ìkà kan ṣoṣo ni ó wà ní Ìbàdàn ní ọdún 1874, àti pé obìnrin ni.

Èyí fi hàn pé ohun tí ó ń wo òṣùwọ̀n òǹwòran sàn wà nínú àṣà òǹwòran fúnra rẹ̀. Etí oríkì ń mú ìtàn wá. Etí kóòtù ń dúró de ẹnìkejì. Ìgbà tí méjèèjì bá pínyà ni ìdájọ́ ń ṣìnà.

8. Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé òǹwòran lásán ní òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ó fi ń wọn fíìmù Yorùbá: ìdùn, ìjọ-òótọ́ àti ẹ̀kọ́. Ó ti ṣàlàyé pé dídá fíìmù sí wẹ́wẹ́ kì í ṣe àìlóye, bí kò ṣe ọ̀nà ìgbọ́ tí oríkì kọ́ni. Ó sì ti tọ́ka sí ewu inú òṣùwọ̀n náà, pàápàá nígbà tí fíìmù bá ti dá obìnrin lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni ó tẹ̀ lé èyí fún àwọn tí ń kọ́ni àti àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lítírèṣọ̀ Yorùbá. Èkínní, ó yẹ kí a máa gba ọ̀rọ̀ òǹwòran sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí a sì tú ọ̀rọ̀ bí 'dùn', 'yẹ' àti 'ẹ̀kọ́' palẹ̀ bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ palẹ̀. Èkejì, kò yẹ kí ìbọ̀wọ̀ fún òǹwòran di ìpọ́nni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí lámèyítọ́ bá gbọ́ tí òǹwòran ń gbé ẹjọ́ inú fíìmù lọ bá aládùúgbò rẹ̀, dandan ni kí ó bi í léèrè ẹni tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Fíìmù ń yára wọlé sí i, ìjókòó pọ̀ sì ń dín kù. Nígbà tí gbọ̀ngàn kún, ẹni tí ó jókòó ti òǹwòran lè bá a jiyàn kí wọ́n tó délé. Ẹni tí ó dá wo fíìmù lórí tẹlifóònù kò ní aládùúgbò tí yóò sọ pé, 'Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnìkejì.' Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ lámèyítọ́ Yorùbá wà báyìí.